Gbogbo Aṣọ Kọ́ Là ń Sá Lóòrùn: Àṣírí Ara Ẹni, Òṣèlú àti Ojúṣe Olùkọ́

Ìfáárà

Ọmọ Yorùbá tí a kọ́ tí ó sì gbẹ̀kọ́ kì í ṣàdédé já wọ ilé onílé. Ẹnu ọ̀nà ni yóò dúró sí, tí yóò ké pé, 'Àgò onílé o!' Kò ní gbé ẹsẹ̀ títí tí ohùn yóò fi ti inú ilé wá pé, 'Àgò yà!' Bí ẹnikẹ́ni kò bá dá a lóhùn, yóò padà síbi tí ó ti wá ni. Ọ̀rọ̀ kékeré yìí kì í ṣe ìkíni lásán. Ohun tí ó ń fi yé ni ni pé ilé ní olúwa, pé ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ti gbogbo ayé, àti pé àlejò, bí ó ti wù kí ó lágbára tó, gbọ́dọ̀ gba àyè kí ó tó wọlé.

Lóde òní, àlejò tí kì í ké àgò ti pọ̀. Ilé ìfowópamọ́, iléeṣẹ́ tẹlifóònù, ayánilówó orí fóònù, ẹgbẹ́ òṣèlú, àjọ ìjọba àti ilé-ẹ̀kọ́, gbogbo wọn ni ó ní àkọsílẹ̀ nípa ọmọ Nàìjíríà lọ́wọ́: orúkọ rẹ̀, ọjọ́ ìbí rẹ̀, àwòrán ojú rẹ̀, ìtẹ̀ka rẹ̀, ibi tí ó ń gbé àti àwọn tí ó ń bá sọ̀rọ̀. Ta ni ó mọ kí ni nípa ta ni? Ta ni ó fún un láyè? Kí ni ó ń fi ìmọ̀ náà ṣe? Nígbà kan rí, ọ̀rọ̀ agboolé ni irú ìbéèrè báyìí. Ní báyìí, ó ti di ọ̀rọ̀ òṣèlú.

Èrò tí àpilẹ̀kọ yìí gbé kalẹ̀ ni pé òfin nìkan kò lè dá ẹ̀tọ́ àṣírí padà fún mẹ̀kúnnù. Yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ni ìṣẹ́gun náà ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀, nítorí pé olùkọ́ wà lára àwọn ẹni àkọ́kọ́ lẹ́yìn òbí tí ó ń kọ ọ̀rọ̀ ọmọ sílẹ̀. Bí olùkọ́ bá ṣe ṣe sí àṣírí ọmọ ni ọmọ yóò ṣe rò pé ó yẹ kí ayé ṣe sí òun.

Àṣírí nínú Àṣà Yorùbá

Àwọn kan gbà pé ọ̀rọ̀ àṣírí ara ẹni jẹ́ ọjà tí wọ́n kó wá láti òkè òkun, pé Yorùbá tí ó ń gbé nínú agboolé, tí gbogbo ènìyàn ń jẹun nínú àwo kan, kò mọ ohun tí ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ ta ko èrò yìí. Bí ènìyàn bá wà nínú àìní tí ẹlòmíràn sì yá a lówó tàbí fún un ní oúnjẹ, ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ tí yóò tẹnu rẹ̀ jáde ni pé, 'Ó bò mí láṣìírí.' Bí àgbà bá ń gbàdúrà, ó ní kí Olódùmarè má tú ilé òun láṣìírí. Nínú èrò Yorùbá, ríran ènìyàn lọ́wọ́ àti bíbò ó mọ́lẹ̀ kúrò lójú ayé jẹ́ ohun kan náà. Ẹni tí ó ṣe ìrànlọ́wọ́ tí ó sì ń ké e kiri ìgboro, ó ti ba ìrànlọ́wọ́ náà jẹ́.

Àṣà náà ní ẹ̀rí tirẹ̀. Ẹni tí ó lọ ṣe àyẹ̀wò lọ́dọ̀ babaláwo kì í kọ́kọ́ ka ẹjọ́ rẹ̀ sí babaláwo létí. Owó ni yóò mú, yóò sọ ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ sí i wúyẹ́wúyẹ́, yóò sì gbé e kalẹ̀. Babaláwo yóò dá Ifá, yóò kì í, oníbèéèrè ni yóò sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bá òun mu. Ìwọ̀n ohun tí oníbèéèrè bá fẹ́ kí babaláwo mọ̀ ni babaláwo ń mọ̀. Bákan náà ni ti àrokò. Ẹni tí a fi àrokò rán lè gbé e la ìlú mẹ́ta kọjá láìmọ ohun tí owó ẹyọ àti ìyẹ́ ẹyẹ inú rẹ̀ ń wí. Ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí ni yóò tú u. Iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń ṣe lónìí, kí iṣẹ́ tí a fi fóònù rán má baà yé ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà, kò yàtọ̀ sí èyí nínú ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ẹnà pípè náà kò jìnnà sí i.

Kì í ṣe pé ayé àtijọ́ kò ní àbùkù. Ọba ní etí tirẹ̀ láàárín ìlú. Òwe tí ó sọ pé 'Etí ọba nílé, etí ọba lóko, ènìyàn ní ń jẹ́ bẹ́ẹ̀' fi hàn pé àwọn ará ìlú mọ̀ pé wọ́n ń ṣọ́ àwọn. Ṣùgbọ́n òwe náà sọ ohun kan tí kò yẹ kí ó fò wá ru: ènìyàn ni etí náà. Ènìyàn ń gbàgbé, ènìyàn ń ṣàánú, ènìyàn ń kú, ohun tí ó gbọ́ sì ń bá a lọ. Ẹ̀rọ tí ó ń gbọ́ lónìí kì í gbàgbé, kì í ṣàánú, àkọsílẹ̀ inú rẹ̀ sì lè dé ọwọ́ ẹgbàágbèje ènìyàn láàárín ìṣẹ́jú kan. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti yí padà.

Bí Ọ̀rọ̀ Àṣírí Ṣe Di Ọ̀rọ̀ Òṣèlú

Ní Nàìjíríà, díẹ̀díẹ̀ ni àkójọ náà bẹ̀rẹ̀. Ọdún 2007 ni òfin tí ó dá àjọ NIMC sílẹ̀ jáde, àjọ tí ó ń fún ọmọ orílẹ̀-èdè ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹlẹ́yọ mọ́kànlá tí gbogbo ènìyàn ń pè ní NIN. Ní ọdún 2011, ìforúkọsílẹ̀ káàdì SIM bẹ̀rẹ̀ káàkiri ilẹ̀ yìí. Ní oṣù kejì ọdún 2014, Báńkì Àpapọ̀ gbé BVN jáde fún àwọn oníbàárà ilé ìfowópamọ́. Ní oṣù kejìlá ọdún 2020, ìjọba pàṣẹ pé kí gbogbo ènìyàn so NIN mọ́ káàdì SIM wọn, nígbà tí ó sì di oṣù kẹrin ọdún 2022, wọ́n dí ọ̀nà ìpè mọ́ ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù nọ́ńbà tí kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 2021 ni JAMB ti ń béèrè NIN lọ́wọ́ ọmọ tí ó fẹ́ ṣe ìdánwò ìwọlé sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga.

Ìkọ̀ọ̀kan nínú ìgbésẹ̀ wọ̀nyí ni ó ní ìdí rere. Jìbìtì pọ̀ nílé ìfowópamọ́. Àwọn ajínigbé ń fi fóònù gba owó ìtúsílẹ̀. Àwọn kan ń fi orúkọ ẹlòmíràn ṣe ìdánwò. Ìjọba tí kò mọ iye àwọn ènìyàn rẹ̀ kò lè pèsè fún wọn. Ṣùgbọ́n bí a bá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, ohun tí ó jáde ni pé ọmọ Nàìjíríà tí kò bá fi ojú àti ìtẹ̀ka rẹ̀ sílẹ̀ kò lè fi owó pamọ́ sí báńkì, kò lè pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù, bẹ́ẹ̀ ni kò lè lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Àgò tí kò sí ẹni tí ó lè kọ̀ ọ́ kì í ṣe àgò mọ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá sì rí báyìí, gbèsè ńlá wà lọ́rùn ẹni tí ó gba àkọsílẹ̀ náà láti tọ́jú rẹ̀.

Òfin kò dákẹ́ lórí gbèsè yìí. Àdéhùn Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn Lágbàáyé ti ọdún 1948, ní abala kejìlá, sọ pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tojú bọ ọ̀rọ̀ ilé ẹni, ìdílé ẹni tàbí lẹ́tà ẹni láìnídìí. Abala 37 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 dáàbò bo àṣírí ọmọ orílẹ̀-èdè, ilé rẹ̀, ìwé tí ó ń kọ àti ọ̀rọ̀ tí ó ń sọ lórí tẹlifóònù. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹfà ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí òfin tí ó wà fún ìdáàbòbò àkọsílẹ̀ ara ẹni, òfin yìí sì dá àjọ kan sílẹ̀ tí yóò máa mójú tó o. Ó ní ẹni tí ó bá ń gba àkọsílẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ó fẹ́ fi ṣe, kò gbọdọ̀ gbà ju èyí tí ó nílò lọ, kò sì gbọdọ̀ tọ́jú rẹ̀ ju àkókò tí ó yẹ lọ. Bí àkọsílẹ̀ bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò yẹ, tí ewu sì lè ti ibẹ̀ wá fún olóhun, iléeṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ fi tó àjọ yìí létí láàárín wákàtí 72. Owó ìtanràn iléeṣẹ́ ńlá tí ó bá tẹ òfin lójú lè tó mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà tàbí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ń wọlé fún un lọ́dún, èyí tí ó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì.

Òfin náà ní àyè tí ó yọ sílẹ̀ o. Ọ̀pọ̀ nínú ojúṣe tí ó kà sílẹ̀ ni kò de àwọn aláṣẹ bí wọ́n bá ń ṣe ìwádìí ìwà ọ̀daràn tàbí bí ọ̀rọ̀ bá kan ààbò orílẹ̀-èdè. Abala 45 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa náà fàyè gba irú rẹ̀. Kò sí orílẹ̀-èdè tí kò ní irú àyè báyìí nínú òfin rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ pé ohun kan kan ààbò orílẹ̀-èdè? Ìjọba kan náà tí ó fẹ́ wo inú àpótí ni. Èyí ni ó fi jẹ́ pé ọ̀rọ̀ yìí kò lè parí sọ́wọ́ àwọn amòfin. Ó di dandan kí ará ìlú lójú lára rẹ̀, kí ó lè béèrè ìdí.

Nígbà tí Ògiri Lanu

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, ẹgbẹ́ Paradigm Initiative kéde pé ojúlé kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ó ń ta NIN àti BVN àwọn ọmọ Nàìjíríà ní ọgọ́rùn-ún náírà. Àjọ NIMC sọ pé ẹnikẹ́ni kò já wọ ibi ìpamọ́ tòun. Bí ó ti wù kí ó jẹ́, ọgọ́rùn-ún náírà, owó tí kò tó ra ìṣù búrẹ́dì kan lọ́dún náà, ni iye tí wọ́n dá lé ohun tí mẹ̀kúnnù tò lórí ìlà fún ọjọ́ púpọ̀ kí ó tó rí gbà.

Ọ̀rọ̀ àwọn ayánilówó orí fóònù tún burú ju èyí lọ. Ẹni tí ó nílò ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà yóò gba ètò wọn sórí fóònù rẹ̀. Ètò náà yóò sì béèrè pé kí ó jẹ́ kí òun rí gbogbo nọ́ńbà tí ó wà níbẹ̀. Bí ọjọ́ ìsanwó bá yẹ̀, àtẹ̀jíṣẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sọ́dọ̀ ìyá ìyàwó, pásítọ̀, lèmọ́mù àti ọ̀gá níbi iṣẹ́, pé olè ni lágbájá. Àwọn kan tilẹ̀ rí àwòrán ara wọn tí wọ́n ṣe bí ìkéde òkú. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, àjọ FCCPC tí ó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ oníbàárà ya wọ ọ́fíìsì àwọn kan nínú wọn ní Èkó, nígbà tí ó sì di oṣù kẹjọ ọdún yẹn, ó gbé ìlànà ìforúkọsílẹ̀ jáde fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan lè tọ́ka sí àṣà dídógò ti onígbèsè láyé àtijọ́, pé ológò a máa jókòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè, a sì máa pariwo títí wọn yóò fi san owó. Òótọ́ ni, àṣà náà le, ó sì ń dójú ti ni. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà onígbèsè gan-an ni ológò ń jókòó sí. Kì í lọ sí ilé àna onígbèsè ní ìlú kejì, kì í sì í dógò ti ẹni tí kò jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ayánilówó orí fóònù mú orúkọ ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí wọn kò yá kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Níbi tí Yorùbá ti ń pe owó yíyá ní bíbo àṣírí, àwọn wọ̀nyí ti sọ ọ́ di títú àṣírí. Ẹni tí a ní kó fẹ́ ni lójú, ata ni ó fi sẹ́nu. Ẹ̀kọ́ tí ó tún wà níbẹ̀ ni pé àṣírí kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo: ẹni tí ó bá ṣí àpótí tirẹ̀ sílẹ̀, ó ti ṣí ti ará ilé rẹ̀ mọ́ ọn.

Ọ̀rọ̀ náà dé ibi ìdìbò pàápàá. Ní ọdún 2018 ni ayé gbọ́ pé iléeṣẹ́ Cambridge Analytica ti rí àkọsílẹ̀ àwọn tí ó ń lo Facebook gbà lọ́nà tí kò tọ́, iye wọn sì lè tó mílíọ̀nù 87. Nínú ìròyìn ọdún náà ni ó ti hàn pé iléeṣẹ́ yìí lọ́wọ́ nínú ìpolongo ìbò Nàìjíríà ti ọdún 2015. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tí ó tún lè sọ pé ohun tí ọmọ ìlú ń kọ sórí fóònù rẹ̀ kò kan ẹni tí yóò di ààrẹ. Ìrètí díẹ̀ wà ṣá. Ní oṣù keje ọdún 2024, àjọ FCCPC bu owó ìtanràn 220 mílíọ̀nù dọ́là lé Meta, iléeṣẹ́ tí ó ni Facebook àti WhatsApp, ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ sì fọwọ́ sí i ní oṣù kẹrin ọdún 2025. Èyí fi hàn pé bí Nàìjíríà bá dìde, àlejò ńlá náà lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń ké àgò.

Ayé Sorí Kodò

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí gbogbo olùkọ́ kíyè sí. Nínú ìjọba tiwantiwa, iṣẹ́ ìjọba ni ó yẹ kí ó wà ní gbangba, ilé mẹ̀kúnnù ni ó yẹ kí ó ní ìlẹ̀kùn. Ìdí nìyí tí òfin òmìnira láti gba ìròyìn fi jáde ní ọdún 2011, kí ará ìlú lè béèrè bí wọ́n ṣe ná owó rẹ̀. Ìwé òfin ọdún 1999 sì pàṣẹ pé kí ààrẹ, gómìnà àti aṣòfin kéde dúkìá wọn fún àjọ tí ó ń rí sí ìwà àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Ní ọdún 2007, Ààrẹ Umaru Yar'Adua gbé ìkéde tirẹ̀ jáde fún gbogbo ayé. Àwọn tí ó tẹ̀lé àpẹẹrẹ rẹ̀ kò pọ̀. Inú àpótí ni ọ̀pọ̀ ìkéde náà wà, ọwọ́ ará ìlú kò sì tó o.

Báyìí ni ayé ṣe sorí kodò: dúkìá aláṣẹ di awo, ìtẹ̀ka mẹ̀kúnnù di ọjà ọgọ́rùn-ún náírà. Agbára kì í gba ọ̀nà méjì wọlé. Ẹni tí ó mọ̀ nípa rẹ tí ìwọ kò mọ̀ nípa rẹ̀ ni ọ̀gá rẹ, bí ó tilẹ̀ ń pe ara rẹ̀ ní ìránṣẹ́. Ẹ̀tọ́ àṣírí kì í ṣe ọ̀nà láti bo olè mọ́lẹ̀. Asà tí aláìlágbára fi ń dúró níwájú alágbára ni.

Olùkọ́ àti Ìwé Orúkọ

Yorùbá ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí olùkọ́ tó bu ẹnu àtẹ́ lu ìjọba, ó yẹ kí ó wo inú kíláàsì tirẹ̀. Ohun tí ó wà lọ́wọ́ olùkọ́ kò kéré: ọjọ́ ìbí ọmọ, ẹ̀sìn rẹ̀, nọ́ńbà fóònù òbí rẹ̀, àìsàn tí ó ń yọ ọ́ lẹ́nu, bóyá baba àti ìyá rẹ̀ ń gbé pọ̀, iye owó tí wọ́n jẹ. Ọ̀nà wo ni a ń gbà lo ìmọ̀ yìí?

Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, orí ìlà àárọ̀ ni wọ́n ti ń ka orúkọ àwọn ọmọ tí òbí wọn kò tíì san owó, tí wọn yóò sì lé wọn padà sílé lójú ẹgbẹ́ wọn. Ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, pátákó ìkéde ni wọ́n ń lẹ èsì ìdánwò mọ́, orúkọ àti máàkì ní ìlà kan náà, tí ẹni tí ó gba F yóò sì máa bá ẹni tí ó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ dù ú kà. Lóde òní, èsì odidi kíláàsì lè balẹ̀ sórí WhatsApp àwọn òbí. Àwòrán ọmọ, pẹ̀lú aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ àti orúkọ rẹ̀, di ohun ìpolówó tí ẹnikẹ́ni tí ó ní iṣẹ́ ibi lọ́wọ́ lè rí. Nínú yàrá àwọn olùkọ́, ọ̀rọ̀ tí ìyá ọmọ fi omijé sọ lánàá di ìtàn tí wọ́n fi ń jẹ oúnjẹ ọ̀sán lónìí.

Kò sí olùkọ́ tí ó gbà pé ìkà ni òun ń ṣe. Wọ́n rò pé ìtìjú yóò jẹ́ kí òbí san owó, kí ọmọ sì gbájú mọ́ ìwé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ń kọ́ ẹ̀kọ́ mìíràn níbẹ̀. Ọmọ tí wọ́n ń ka orúkọ rẹ̀ lórí ìlà láràárọ̀ nítorí gbèsè baba rẹ̀, bí ó bá dàgbà tí ayánilówó kéde rẹ̀ fún gbogbo ayé, kò ní yà á lẹ́nu. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní ilé-ẹ̀kọ́ nìyẹn. Ọmọ tí wọ́n ya àwòrán rẹ̀ láìbéèrè kò ní béèrè ìdí tí wọ́n fi ń ya ojú rẹ̀ nígbà tí ó bá di ọmọ ogún ọdún. Ilé-ẹ̀kọ́ ni ó ti kọ́ ọ pé àṣírí òtòṣì kò ní olúwa.

Òfin náà sì wà fún èyí. Abala kẹjọ nínú òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003 sọ pé ọmọdé ní ẹ̀tọ́ sí àṣírí rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òbí àti alágbàtọ́ lè máa tọ́ ọ sọ́nà. Òfin ọdún 2023 náà ní kí a gba àṣẹ lọ́wọ́ òbí tàbí alágbàtọ́ bí ìlò àkọsílẹ̀ ọmọ bá gba pé kí ẹnì kan fọwọ́ sí i. Olùkọ́ tí kò mọ èyí lè rú òfin láìmọ̀.

Àtúnṣe náà kò gba owó púpọ̀. Èsì ìdánwò ṣeé kọ sórí ìwé pélébé kan fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan. Bí pátákó ìkéde bá di dandan, nọ́ńbà tí kò ní orúkọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí a kò sì tò tẹ̀lé bí orúkọ ṣe tẹ̀lé ara wọn, sàn ju orúkọ lọ. Òbí tí ó jẹ owó ṣeé pè sí kọ̀rọ̀. Ìwé orúkọ ṣeé tì mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Kí a tó ya àwòrán, a lè béèrè. Bí òbí bá sì kọ̀, kò yẹ kí a fojú burúkú wo ọmọ rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ tí ó ń lọ fún ìdánrawò iṣẹ́ ìkọ́ni lè bẹ̀rẹ̀ èyí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n bá gbé ìwé orúkọ lé e lọ́wọ́.

Iṣẹ́ tún wà tí ó jẹ́ ti ẹ̀ka Yorùbá gan-an. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù tí àwọn ènìyàn ń fọwọ́ sí, àti gbogbo àlàyé gígùn tí ó máa ń yọ lójú fóònù kí wọ́n tó tẹ 'mo gbà'. Ìyá tí ó ń tajà tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kí ni ó gbà? Gbígbà láìyéni kì í ṣe gbígbà. Bí ẹ̀ka Yorùbá bá lè wá ọ̀rọ̀ tí yóò yé ènìyàn fún àwọn èrò inú òfin ọdún 2023, tí wọ́n sì tú fọ́ọ̀mù ilé-ẹ̀kọ́ tiwọn sí Yorùbá, wọn yóò ti ṣe ohun tí amòfin kò lè ṣe. Nínú kíláàsì àṣà pẹ̀lú, olùkọ́ tí ó ń kọ́ni ní àrokò kò gbọdọ̀ fi mọ sí pé ohun àtijọ́ ni. Kí ó bi àwọn ọmọ léèrè: kí ni ìdí tí a kò fi fẹ́ kí ìránṣẹ́ mọ ohun tí ó ń gbé? Ta ni ìránṣẹ́ tí ó ń gbé ọ̀rọ̀ rẹ lónìí? Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni ẹ̀kọ́ àṣà yóò di ẹ̀kọ́ ọmọ ìlú.

Ìdáhùn sí Àtakò

Àwọn kan yóò sọ pé ẹni tí kò ní ohun búburú lọ́wọ́ kò ní ìdí láti fi ohunkóhun pamọ́. Ọ̀rọ̀ yìí dùn létí, ṣùgbọ́n kò dúró. Ẹni tí ó ń wẹ̀ a máa ti ìlẹ̀kùn, kì í sì í ṣe nítorí pé ó jalè. Aboyún oṣù kejì kì í kéde oyún rẹ̀ lọ́jà. Àwọn àgbà ni ó sọ pé gbogbo aṣọ kọ́ là ń sá lóòrùn. Wọn kò sọ pé aṣọ tí a kò sá jẹ́ aṣọ olè.

Àwọn mìíràn yóò ní ìjínigbé pọ̀, ààbò ni ó ṣe pàtàkì jù. Kò sí ẹni tí ó lè fi ojú kékeré wo èyí. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí wọ́n dí ọ̀nà ìpè mọ́ ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù nọ́ńbà ní ọdún 2022, àwọn ajínigbé kò yé fi fóònù pe ìdílé àwọn tí wọ́n gbé. Àkójọ nìkan kò mú ààbò wá. Ìtọ́jú àti ìlò tí ó tọ́ ni ó ń mú un wá. Àkójọ tí a kò sì tọ́jú lè di irinṣẹ́ fún ajínigbé fúnra rẹ̀, nígbà tí ó bá lè ra ibi tí ènìyàn ń gbé àti orúkọ ìdílé rẹ̀ lówó pọ́ọ́kú.

Ìkádìí

Òfin ọdún 2023 ti la ọ̀nà sílẹ̀, ẹsẹ̀ tí yóò rìn ín ni ó kù. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ìlú tí a kò kọ́ ní iyì àṣírí rẹ̀ yóò tà á fún ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà, yóò sì fi ti ará ilé rẹ̀ ṣe èènì. Ìjọba yóò máa béèrè, iléeṣẹ́ yóò máa béèrè, ìbéèrè wọn yóò sì máa pọ̀ sí i. Ohun tí a ń wá ni ọmọ tí yóò lè wo ojú ẹni tí ó ń béèrè, kí ó sì wí pé, 'Kí ni ẹ fẹ́ fi ṣe?'

Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣàdédé hù. Olùkọ́ kan ni yóò ti pè é sí kọ̀rọ̀ ní ọjọ́ kan, yóò fún un ní èsì ìdánwò rẹ̀ tí kò dára ní kíká, yóò sì bá a sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ láìsí ẹlòmíràn níbẹ̀. Ó lè jẹ́ pé olùkọ́ náà yóò ti gbàgbé. Ọmọ náà kò ní gbàgbé pé ẹnì kan ké àgò kí ó tó wọlé òun.